MÍTÀ TÍ KÒ NÍ PURỌ́ FÚN WA

Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ kan bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa, lórí bí a ṣe lè fi owó díẹ̀ ra ohun èlò tí a fi ń yẹ rédíò àti ẹ̀rọ iná wò

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù ni mo dìde láti sọ lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó kan àpò wa ni, ó sì kan ẹ̀mí wa pẹ̀lú.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kì í jókòó lásán bí a bá ti dé ilé. Ẹnìkan ń tú rédíò, ẹnìkejì ń so ámpúlífáyà, ẹnìkẹta ń wá ìdí tí bátìrì ọkọ̀ rẹ̀ fi ń kú ní òròòwúrọ̀. Ìgbádùn ni fún ẹlòmíràn, ó sì máa ń di owó ọbẹ̀ nígbà mìíràn. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí: "Bọ̀ọ̀dá, mítà wo ni kí n rà, kí owó mi má baà ṣòfò?" Nítorí náà ni Akọ̀wé fi ní kí n wá sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, dẹ́rẹ́bà kan tí ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa gbé ọkọ̀ akérò rẹ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà mi ní ọjọ́ Sátidé. Ó ní gílóòbù iwájú ọkọ̀ náà ń jó léraléra. Mo ní kí ó sítáàtì rẹ̀, mo fi mítà mi kan bátìrì, mítà kọ 16.3 fólítì. Ọkọ̀ tí ara rẹ̀ dá kì í sábà kọjá nǹkan bí 14.4 nígbà tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Mo fi ìdánilójú sọ fún un pé alternator rẹ̀ ti bàjẹ́, kí ó ra òmíràn. Ó rà á. Owó tí ó fi ọjọ́ púpọ̀ wá ni ó bá a lọ. A de tuntun mọ́ ọkọ̀, mítà tún kọ 16.3. Ìgbà náà ni rìwáyà kan ní gáréèjì fi mítà tirẹ̀ wò ó, ó kọ 14.2. Alternator àkọ́kọ́ kò ní àrùn kankan. Gílóòbù ayédèrú ni wọ́n ń tà fún dẹ́rẹ́bà wa. Bátìrì kékeré 9 fólítì tí ó wà nínú mítà mi ni ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Bí bátìrì irú mítà bẹ́ẹ̀ bá ti rẹ̀, òṣùwọ̀n tí ó ń lò nínú ara rẹ̀ á lọ sílẹ̀, nọ́ńbà tí ó ń kọ síta á sì ga ju òtítọ́ lọ. Mo san ìdajì owó alternator náà padà, ojú sì tì mí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé iye tí a ra mítà lọ́jà kọ́ ni iye rẹ̀. Iye tí irọ́ rẹ̀ yóò mú wa san ni iye rẹ̀ gan-an. Ọ̀rọ̀ tí mo ní kò ju ìyẹn lọ; ìyókù ni àlàyé.

OHUN TÍ MÍTÀ Ń WỌ̀N

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnjiníà kan wà ní Pósítọ́fíìsì tí ń jẹ́ Donald Macadie. Ó sú u láti máa ru ohun èlò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kiri nítorí àtúnṣe wáyà tẹlifóònù. Ó kó iṣẹ́ gbogbo wọn sínú àpótí kan, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1923. Avometer ni wọ́n pè é: A dúró fún ámpíà, V fún fólítì, O fún óòmù. Ẹni tí iṣẹ́ ń ni lára ni ó ro ọ̀nà àbáyọ. Gbogbo mítà tí a ń rí lọ́jà lónìí, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀.

Bí a bá fi iná wé omi inú páìpù, fólítì ni agbára tí ń ti omi, ámpíà ni ìwọ̀n omi tí ń ṣàn kọjá, óòmù ni ohun tí ń dí omi lọ́nà. Ẹni tí ó bá mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí lè rí ìdí ọ̀pọ̀ àrùn ẹ̀rọ.

Kí a tó lọ sọ́jà, kí kálukú bi ara rẹ̀ pé: kí ni mo ń tún ṣe gan-an? Bí ó bá jẹ́ iná ọkọ̀ 12 fólítì, mítà kékeré tí ó péye tó. Bí ó bá jẹ́ fáànù, ámpúlífáyà àti tẹlifíṣọ̀n tí a ń tì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ ti yí padà, nítorí iná ilé lè pa ènìyàn.

MÍTÀ ONÍNỌ́ŃBÀ

Gbogbo yín mọ mítà aláwọ̀ yẹ́lò kékeré tí a ń pè ní DT830. Kò wọ́n, ó sì wà ní Alaba àti ní gbogbo ọjà tí a ti ń ta ohun èlò. Mi ò ní bú u. Fún bátìrì ọkọ̀, fún rédíò tí ń lo òkúta bátìrì, fún wíwo bóyá wáyà ti já, ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ihò tí wọ́n kọ 10A sí lára rẹ̀. Wọ́n sábà máa ń kọ UNFUSED sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò sí fíúsì kankan lójú ọ̀nà yẹn. Bí ẹ bá fi wáyà pupa sínú ihò náà, tí ẹ sì gbàgbé, tí ẹ wá ti ẹnu wáyà méjèèjì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, bí ẹni tí ó fi irin gba àárín iná kọjá ni. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ìró rẹ̀ dà bí ìbọn, ẹnu wáyà náà yọ́, àtàǹpàkò mi sì jó. Bí ó bá jẹ́ ibi tí iná ti pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ni, bóyá n kì bá tí dúró níwájú yín lónìí.

Nítorí náà, ẹni tí yóò bá fọwọ́ kan iná ilé, ohun mẹ́rin ni kí ó wá lára mítà.

Èkíní, fíúsì ní gbogbo ihò tí a fi ń wọn ámpíà, kí ó sì jẹ́ fíúsì tí ó nípọn, tí wọ́n kọ 500 tàbí 600 fólítì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí lára. Fíúsì onígíláàsì kékeré tí wọ́n kọ 250 sí lè fọ́ yángá, kí iná sì máa gba inú rẹ̀ lọ.

Èkejì, àmì CAT. CAT II wà fún ẹ̀rọ tí a tì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. CAT III wà fún pátákó fíúsì àti wáyà inú ògiri. CAT IV wà fún ibi tí wáyà òpó ti wọlé. Bí nọ́ńbà náà ti ń ga ni agbára tí ó lè bẹ́ jáde lójijì ṣe ń pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni lè tẹ CAT III sí ara ike. Ẹ ní kí ẹni tí ń tà á ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ bá rí fíúsì gíláàsì bíńtín lábẹ́ àkọlé ńlá, ẹ mọ̀ pé ẹnu lásán ni.

Ẹ̀kẹta, wáyà tí ó nípọn, tí ẹnu rẹ̀ ní ìdènà kí ìka má baà yọ̀ dé ibi irin.

Ẹ̀kẹrin, àmì bátìrì tí ń jáde lójú mítà nígbà tí bátìrì inú rẹ̀ bá fẹ́ kú. Bí ẹ bá rí àmì náà, ẹ pààrọ̀ bátìrì kí ẹ tó wọn ohunkóhun. Ẹ rántí dẹ́rẹ́bà wa.

Ẹni tí ó ní ínfátà, kí ó fi ohun karùn-ún kún un: True RMS. Ínfátà olówó pọ́ọ́kú kì í ṣe iná tí ń lọ sókè sódò bí ìgbì. Ìdúró gbọnrangandan ni tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀kan tí iná rẹ̀ ga dé 325, tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ fún ìdajì àkókò. 230 fólítì ni agbára rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n mítà lásán yóò kọ nǹkan bí 180. Ẹni tí kò mọ̀ yóò yí ínfátà sókè kí ó lè di 230 lójú mítà, tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ yóò sì jó.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ sọ̀rọ̀ bí aṣojú yín. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú mítà ilé rẹ̀ wá sí ìdí pátákó iná ní ilé-iṣẹ́, níbi tí ó jẹ́ nǹkan bí 400 fólítì láàárín féèsì kan sí èkejì. Iṣẹ́ ẹni tí a kọ́ ni, ojúṣe ẹni tí ó gbà wá síṣẹ́ sì ni láti pèsè ohun èlò tí ó yẹ. Bí ọ̀gá bá ní, "Ṣebí o ní mítà nílé, mú un wá," ẹ wá bá mi.

MÍTÀ ALÁBẸ́RẸ́

Àwọn àgbà wa fẹ́ràn mítà alábẹ́rẹ́, irú Sanwa YX-360 tí ó wà lórí tábìlì ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ rédíò. Ó ní ànfààní: bí iná bá ń gbọ̀n, ojú ń rí abẹ́rẹ́ bí ó ti ń jó, níbi tí nọ́ńbà yóò kàn máa ṣe ségesège. Ṣùgbọ́n mítà alábẹ́rẹ́ ń mu nínú iná tí ó ń wọn, bí ẹni tí ń tọ́ ọbẹ̀ wò tí ó sì bu ẹran jẹ.

Ẹ lè dán èyí wò nílé. Ẹ mú rẹ̀sítọ̀ méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 100,000 óòmù, ẹ so wọ́n tẹ̀léra, ẹ so wọ́n mọ́ bátìrì 9 fólítì. Ìdajì, ìyẹn 4.5, ni ó yẹ kí ó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mítà alábẹ́rẹ́ tí wọ́n kọ 20,000 óòmù fún fólítì kan sí lójú, bí a bá yí i sí 10 fólítì, yóò kọ 3.6. Èyí tí wọ́n kọ 2,000 sí yóò kọ nǹkan bí 1.3. Mítà onínọ́ńbà tí ìdènà inú rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 10 óòmù yóò kọ nǹkan bí 4.48. Iná kan náà, bátìrì kan náà, ẹ̀rí mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ra alábẹ́rẹ́, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ ojú rẹ̀. Bí kò bá tó 20,000, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ DÁN AN WÒ KÍ Ẹ TÓ SANWÓ

Nígbà tí ẹ bá ń lọ sọ́jà, yálà tuntun ni ẹ fẹ́ rà tàbí tòkunbọ̀, ẹ fi òkúta bátìrì tuntun kan àti rẹ̀sítọ̀ 1,000 óòmù tí àṣìṣe rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ sínú àpò. Òkúta bátìrì tuntun yóò kọ láàárín 1.5 sí 1.65. Rẹ̀sítọ̀ náà, bí mítà bá péye, yóò kọ nǹkan láàárín 990 sí 1,010. Lẹ́yìn náà ẹ fi ẹnu wáyà méjèèjì kan ara wọn ní ibi óòmù, kí ẹ sì máa mi wáyà náà. Bí nọ́ńbà bá ń fò sókè, wáyà ti já nínú tàbí ihò ti jẹ. Ẹ yí kọ́ńkọ́ rẹ̀ lọ sí gbogbo ibi, kí ẹ rí i pé ó ń dúró gírígírí. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ń tà á tí kò bá gbà kí ẹ dán an wò, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n ní ti iná, kí òtítọ́ tó dé, ènìyàn lè ti kú. Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà tí mítà ní kò sí iná nínú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi mítà kan ibi tí ẹ mọ̀ dájú pé iná wà, kí ẹ wọn wáyà náà, kí ẹ sì tún padà wọn ibi àkọ́kọ́. Bí mítà bá kú láàárín, ẹ ó mọ̀. Ẹ má ṣe fi ẹ̀mí yín lé tẹ́sítà onísíkúrúdiráfà lọ́wọ́; gílóòbù kékeré inú rẹ̀ lè má tàn kí iná sì wà níbẹ̀.

OHUN TÍ A LÈ FI ỌWỌ́ ARA WA ṢE

Kì í ṣe ohun gbogbo ni a ń rà. Gílóòbù àtijọ́ 60 tàbí 100 wáàtì, irú èyí tí ń gbóná, nínú hódà rẹ̀, tí a so tẹ̀léra mọ́ wáyà féèsì tí ń lọ sínú ẹ̀rọ tí a ń tún ṣe, ọ̀gá ńlá ni. Bí ẹ̀rọ bá ní ibi tí iná ti pàdé ara rẹ̀, gílóòbù yóò tàn gbòò, ẹ̀rọ kò sì ní jó. Bí ó bá tàn díẹ̀ tí ó sì rọ̀, ara ẹ̀rọ dá. Gílóòbù LED kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé gílóòbù náà ti mú ewu kúrò. Ẹ̀rọ ni ó ń dáàbò bò, kì í ṣe ènìyàn. Iná inú ẹ̀rọ náà ṣì lè pa ènìyàn.

Bákan náà ni kapásítọ̀ ńlá inú tẹlifíṣọ̀n àti ṣájà. Nǹkan bí 320 fólítì lè wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ pulọ́ọ̀gì. Ẹ fi rẹ̀sítọ̀ ńlá fa iná rẹ̀ tán, kí ẹ fi mítà wò ó, kí ọwọ́ tó kàn án.

Lẹ́yìn mítà, ohun kejì tí mo lè gbà yín níyànjú láti fi owó díẹ̀ rà ni ẹ̀rọ kékeré tí ń dá tiransísítọ̀ àti kapásítọ̀ mọ̀. Markus Frejek ni ó ṣe é ní Jámánì, Karl-Heinz Kübbeler sì mú un gbòòrò. Wọ́n fi iṣẹ́ náà hàn fún gbogbo ayé, ìdí nìyẹn tí ẹ̀dà rẹ̀ fi pọ̀ tí kò sì wọ́n. Ẹ fi ẹsẹ̀ tiransísítọ̀ sí i, yóò sọ irú rẹ̀ àti orúkọ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún yín. Ó tún ń sọ bí kapásítọ̀ bá ti gbẹ nínú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi kapásítọ̀ tí iná ṣì wà nínú rẹ̀ sí i, ó lè kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

OSCILLOSCOPE: TA NI Ó YẸ FÚN?

Àwọn ọ̀dọ́ ń bi mí nípa oscilloscope, ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán iná sójú gíláàsì. Ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni a kọ́kọ́ ń rà. Ẹni tí kò tíì lè fi mítà wá ibi tí ohùn ti sọnù nínú ámpúlífáyà, àwòrán kò ní ràn án lọ́wọ́.

Nọ́ńbà tí ẹ máa wò lára rẹ̀ ni bí iná tí ó lè rí ṣe yára tó. Ní òpin nọ́ńbà tí wọ́n kọ, ohun tí ó ga ní 10 yóò hàn bí 7. Nítorí náà, ẹ wá èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ tó ìlọ́po márùn-ún ohun tí ẹ fẹ́ wò. DSO138, èyí tí a ń fi ọwọ́ ara ẹni tò, dé nǹkan bí 200 kHz. Ó tó fún ohùn ámpúlífáyà, tí kò ju 20 kHz lọ. Kò tó fún rédíò FM, tí ó wà láàárín 88 sí 108 MHz. Òmíràn, wáyà ilẹ̀ oscilloscope ńlá sábà máa ń so mọ́ wáyà ilẹ̀ pulọ́ọ̀gì. Bí ẹ bá fi kan iná ilé, yóò bẹ́. Ẹ má sì gé wáyà ilẹ̀ rẹ̀ kúrò nítorí rẹ̀. Gbogbo ara ẹ̀rọ ni yóò di iná.

Níbi tí agbára ẹnìkan kò ká ni ẹgbẹ́ ti wúlò. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá dá owó nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa, a lè ra oscilloscope tòkunbọ̀ kan tí ó dára. Kí a tàn án fún ìdajì wákàtí kí a tó sanwó, kí a sì fi ẹnu wáyà rẹ̀ kan ibi ìdánwò ara rẹ̀, níbi tí àwòrán onígun mẹ́rin ti sábà máa ń jáde. Kí ó wà ní ọ́fíìsì ẹ̀ka, kí ẹni tí yóò lò ó kọ orúkọ sílẹ̀. Mo fi àbá yìí síwájú Alága.

Ẹ jẹ́ kí n fi ibí yìí parí rẹ̀. Kí ẹni tí owó rẹ̀ kéré ra mítà kan tí ó dára, kí ó ṣe gílóòbù ìdánwò, kí ó ra ẹ̀rọ tiransísítọ̀ bí owó bá wọlé, kí ó sì bá wa dá owó fún ìyókù. Kí ó má ṣe ra mítà ayédèrú mẹ́ta ní owó èyí tí ó dára kan. Mítà tí mo fi ṣi dẹ́rẹ́bà wa lọ́nà ṣì wà nílé. Mo ti fi bátìrì tuntun sí i, ó sì ń sọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n títí di òní, n kì í gba ẹ̀rí rẹ̀ gbọ́ láì tíì fi òkúta bátìrì tuntun bi í léèrè.

Ẹgbẹ́ wa yóò máa gòkè.